Bàbá Mi Àgbà àti Èékánná Àwọn Ajá Etí Ọ̀sà

Bí ajá bá gba orí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kọjá nígbà tí Bàbá mi àgbà wà nínú yàrá tó ń fá irùngbọ̀n, á gbé abẹ dúró, á sì tẹ́tí.

"Kọ-kọ-kọ-kọ! Ẹ gbọ́ nǹkan! Ta ló ni ajá tó wọ bàtà gogoro yẹn?"

Kò tíì fojú kan ajá náà o! Kò mọ̀ bóyá dúdú ni tàbí pupa. Ìró èékánná lórí sìmẹ́ńtì nìkan ló gbọ́, ó sì ti mọ̀ pé ó gùn jù, pé ti ẹsẹ̀ iwájú ló burú jù, àti pé ẹni tó ni ajá náà kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti dá. Á sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, á máa pe ajá oníajá bí ẹni tó rí àna rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ń pa mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin ín. Níbi ìsìn, wọ́n ka iye ọmọ tó bí, wọ́n ka ipò tó dì mú nínú ìjọ, wọ́n ní ó fẹ́ràn àlàáfíà. Kò fẹ́ràn àlàáfíà tó bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó dárúkọ èékánná. Wọ́n ní kí èmi tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré dìde sọ̀rọ̀, mo tẹ orí ba, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ìwé mi kò pọ̀, fọ́ọ̀mù kejì ni mo ti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í tijú bí ẹnu mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ sọ ọ́.

Àwa Ògù tí a wà létí ọ̀sà Àgbádárìgì níbí, a ní ajá púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan ń gé èékánná fún ajá kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ aṣọ́bodè Faransé kan tó ní ajá ńlá mẹ́ta. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń bọ́ wọn, òun náà ló sì ń gé èékánná wọn lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Nínú gbogbo Faransé tó gbọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "dúsúmà," ìyẹn ni pé kéèyàn rọra. Ó ń sọ ọ́ fún ajá. Ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń sáré jẹun. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí pásítọ̀ wá dúró ti ibùsùn rẹ̀ tó ń fi gbogbo ohùn gbàdúrà, Bàbá la ojú, ó gbé ọwọ́ kan sókè.

"Dúsúmà, Pásítọ̀. Ọlọ́run kò dití."

Aṣọ́bodè yẹn ní irin tí wọ́n ṣe fún èékánná ajá nìkan. Bàbá kò ní irú rẹ̀. Àsìkò ọ̀wọ́ngógó ni, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, a ń tò lórí ìlà nítorí ṣúgà àti mílíìkì agolo. Ta ni yóò lọ máa wá irin èékánná ajá kiri? Ó ra púláyà, irú èyí tí àwọn oníná fi ń gé wáyà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ní ọjà Agbálátà. Ó fi fáìlì tí a fi ń pọ́n àdá pọ́n ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, títí ó fi lè gé irun orí kan ṣoṣo láìfà á. Èmi ni mo bá a lọ sí ọjà lọ́jọ́ tó rà á. Ọkùnrin tó tà á wo Bàbá láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ń ṣe iṣẹ́ iná ni?"

"Rárá o. Ajá ni mo fẹ́ fi tún ṣe."

Ọkùnrin náà gba púláyà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé Bàbá fẹ́ fi fa eyín ajá yọ. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó gbà á gbọ́. Nígbà tí ó wá yé e, ó fi àpò bébà kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́. "Ẹ gbà, Bàbá," ló wí. "Mi ò rí irú yín rí, kí ọjà mi lè sọ pé òun rí yín."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ nínú ni Ìyá, ìyàwó Bàbá. Ẹ má bínú sí i, ó ní ẹjọ́ rò. Èékánná ajá ní ẹran nínú, ẹran náà ní ẹ̀jẹ̀, bí irin bá sì kan án, ẹ̀jẹ̀ á máa kán tó-tó-tó, kò ní fẹ́ dá. Láfún gbígbẹ ni Bàbá fi ń dá a dúró. Á ti ìka ajá náà bọ inú láfún, á fi ọwọ́ dì í pinpin títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Láfún Ìyá ni! Òróró àgbọn tó sì fi ń pa àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kó má baà sán, ti Ìyá náà ni, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè fún títà.

"Bàbá Máùtín, ta ló ṣí ìkòkò láfún mi?" Máùtín ni bàbá tó bí mi.

"Èmi ni."

"Kí lẹ fi ṣe?"

"Àlejò ló dé láti Ìkọ̀gà."

"Ẹ kú àlejò. Ṣé ó jẹun dáadáa?"

"Dáadáa mà ni. Ó ń ju ìrù lọ sílé."

Ariwo tí Ìyá pa lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi gbọ́ ọ! "Ọdún tí ọmọ ènìyàn ń wá láfún jẹ, ẹ wá ń fi ṣe àtíkè fún ajá!" Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ń rán. "Sẹ́námì, sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." Bàbá á sì jókòó sí ibi tí ọwọ́ Ìyá lè tó o, á ní, "Sẹ́námì, sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbọ́." Ní ọjọ́ kẹrin, mo wọ ilé ìdáná, mo rí Ìyá tó ń bu láfún sínú agolo tómátì kékeré kan. Ó gbé agolo náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ púláyà, ó rí i pé mo rí òun, ó sì le ojú.

"Ti ajá nìyẹn. Kó má fọwọ́ kan ti ènìyàn mọ́."

Ajá tiwa ń jẹ́ Mádàmílóhùn. Bàbá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kí ó lè máa pariwo "Má dá mi lóhùn!" láàárọ̀, kí àwọn ará àdúgbò máa rò pé Ìyá ló ń bá jà. Ara ajá yìí ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ojú ènìyàn sì ń tì mí débi pé bí àlejò bá ti ń bọ̀, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mò ń sá sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń jìjàdù láti di ajá mú fún Bàbá. Ó lé gbogbo wọn.

"Ẹnu yín pọ̀ jù. Sẹ́námì ni mo fẹ́. Ajá mọ ẹni tí kò ní pariwo lé òun lórí."

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó! Ohun tí gbogbo ilé fi ń bú mi, ohun tí olùkọ́ mi nílé ìwé kọ sínú ìwé pé kò dára, ìyẹn gan-an ni Bàbá fi yàn mí láàárín ọmọ méje!

Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan púláyà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní bí Mádàmílóhùn bá ń jẹun, kí n kàn gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n gbé e kúrò. Lọ́jọ́ kejì, kí n di ẹsẹ̀ náà mú díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, kí n fi àtàǹpàkò tẹ ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí èékánná lè yọ síta. Lẹ́yìn náà ló wá ń mú púláyà dání, á ṣí i, á pa á dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ajá, kẹ́-kẹ́, á sì fún un ní orí ẹja gbígbẹ. Ó pẹ́ díẹ̀, bí Mádàmílóhùn bá ti gbọ́ kẹ́-kẹ́ ló ń sáré wá! Nígbà tí ọjọ́ gígé wá dé, mo gé ẹyọ kan, mo nawọ́ sí èkejì, Bàbá gba púláyà lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀kan tó fún òní, kí ajá náà lọ sùn pẹ̀lú èrò pé kò sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èékánná funfun rọrùn. Bí o bá gbé e sí oòrùn, wàá rí ẹran pupa nínú rẹ̀ bí ìgbà tí àtùpà wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, wàá sì dúró kí o tó débẹ̀. Èyí tó dúdú ló ń bani lẹ́rù, torí kò fi nǹkan kan hàn. Bàbá ní kí n máa gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá, kí n sì máa wo ojú ibi tí mo gé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á gbẹ, á funfun bí ṣọ́ọ̀kì. Tó bá yá, àmì kékeré kan á yọ láàárín, á dúdú, á sì tutù díẹ̀. Ẹran ti wà nítòsí nìyẹn. Bàbá a máa fi ẹnu ìka rẹ̀ hàn mí.

"Bí o bá ti rí ojú kékeré yìí, òun náà ti rí ọ. Dúró."

Kí ẹ má rò pé kò ṣe àṣìṣe rí. Ní ọjọ́ ìkórè kan, aṣọ funfun ti wà lọ́rùn rẹ̀, Ìyá ti ń pè é láti ẹnu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ gé ẹyọ kan ṣoṣo tó kù lẹ́sẹ̀ Mádàmílóhùn kí òun tó lọ. Ó gé e wọ inú ẹran. Ajá náà ké bí ọmọ ènìyàn, ó sá lọ sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó dojú délẹ̀ ní etí ọ̀sà, ó sì kọ̀, kò jáde. Bàbá kò lọ sí ìkórè mọ́. Pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn, ó jókòó sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà títí oòrùn fi yí. Mo gbé omi lọ fún un, mo sì gbọ́ ohun tó ń sọ sábẹ́ ọkọ̀.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Mò ń kánjú lọ síbi tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láìsí mi."

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bíírò.

Yanrìn ni ilẹ̀ wa. Ajá tó bá ń sáré lórí ọ̀dà tàbí lórí àpáta, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa họ èékánná rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Yanrìn kì í họ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń kó ajá lọ sí èbúté tí wọ́n fi kọnkéré ṣe láràárọ̀, á máa bá wọn rìn lọ, rìn bọ̀, bí ọ̀gá ọmọ ogun. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ológun pé ajá tí wọ́n bá rí lójú títì, wọn yóò yìn ín níbọn. Gbogbo ènìyàn so ajá mọ́ ìdí igi àgbọn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, èékánná wọn ti ká kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú púláyà rẹ̀, èmi sì ń gbé agolo láfún tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ló dúpẹ́. Tíṣà kò dúpẹ́.

Ará Èkìtì ni Tíṣà, ó ń kọ́ni ní ilé ìwé gíga tó wà lójú títì, ó sì ń dá gbé ní ilé kejì sí tiwa. Ajá rẹ̀ ń jẹ́ Dúrótimí. Orí itan ló gbé e lé nínú lọ́rì láti Èkìtì wá síbí nígbà tó ṣì kéré bí eku. Bàbá bá a ní ẹnu ọ̀nà.

"Tíṣà, èékánná Dúrótimí ti gùn."

"Ẹn-ẹn. Ẹ bá mi kùn ún ní pupa."

"Mi ò bá ọ ṣàwàdà."

"Bàbá, ní ulé wa l'Ékìtì," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ tiwọn, "bàbá mi ní ajá mẹ́wàá. Kò sí èyí tó lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ rí nínú wọn."

"Òkúta ló ń gé e fún wọn lọ́hùn-ún. Níbí, o so ó mọ́ orí yanrìn."

"Ìjọba ló ní kí n so ó."

"Ìjọba kò ní kí o má wo ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Tíṣà ti ìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Bí Tíṣà bá ń kọjá, Bàbá á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, mo ń rí i tó ń fi ojú kan wo inú ọgbà Tíṣà láti àárín imọ̀ àgbọn. Ó ti rí i pé Dúrótimí kì í fi ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú tẹlẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìmọ́tótó ni, Sátidé tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nílé kí wọ́n máa gbálẹ̀. Tíṣà fẹ́ sún ajá rẹ̀ síwájú kó lè gbá ìdí àgbọn. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn. Ajá tó ti ń fi ara rọ́ ọ láti kékeré yí ọrùn padà, ó gé e jẹ lọ́wọ́! Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní òdìkejì rí i, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Dìgbòlugi! Ajá Tíṣà ti ya dìgbòlugi o!"

Àwọn wolé-wolé méjì wà ní àdúgbò kejì tí wọ́n ń wo gọ́tà, sójà kan sì wà pẹ̀lú wọn. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni sójà náà, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó wo ajá tó ń tiro, tó ń gbó, ó wo ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ Tíṣà, ó sì sọ ìbọn kalẹ̀ láti èjìká.

"Gbogbo yín, ẹ sún sẹ́yìn."

Tíṣà dúró síwájú ajá náà. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí odò tó ya kò rí ju ọ̀rọ̀ kan sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn mi. "Sẹ́námì, láfún!" Ó ti mú púláyà, ó ti ń lọ.

"Ta nìyí?" sójà bèèrè.

"Èmi ni mò ń gé èékánná ajá."

Sójà rẹ́rìn-ín. "Irú iṣẹ́ wo nìyẹn, Bàbá?"

"Iṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí n ṣe níbí ló fà á tí ẹ fi fẹ́ yìnbọn yìí."

Bàbá ní kí Tíṣà gbé omi wá, torí ajá dìgbòlugi kì í lè mu omi. Dúrótimí mu ún tán, ó lá abọ́. Àgbà nínú àwọn wolé-wolé mi orí, ó ní omi mímu nìkan kò tó, kí ló dé tó fi ń tiro, kí ló dé tó fi gé ẹni tó ni ín jẹ? Bàbá ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun fi hàn wọ́n. Sójà wo aago.

"A ń lọ wo àwọn ilé tó kù. Bí a bá padà dé tí ajá yìí kò bá jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kan òun, mo máa yìn ín níbọn. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí."

Wọ́n lọ. Àwọn ènìyàn ti kún ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Bàbá ní kí Tíṣà mú táì kan wá láti inú ilé, ó fi di ẹnu ajá náà kó má baà gé wa jẹ, ó sì bọ́ fìlà ara rẹ̀, ó fi bo ojú ajá náà. Ó wá na púláyà sí mi. Ní ọdún yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo mi orí. N kò gé ti ajá mìíràn rí láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọwọ́ mi. Gbogbo àdúgbò ló ń wò mí.

"Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gé e."

"Bí èmi bá gé e, màá gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Má wo ènìyàn kankan. Ẹsẹ̀ ajá ni kí o máa wò."

Mo kúnlẹ̀. Mo fi ìka wá inú irun ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, mo sì bá a! Àtàǹpàkò ajá ni, èyí tó wà lókè tí kì í kan ilẹ̀ rárá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti gùn, ó ti ká yípo, ẹnu rẹ̀ sì ti padà wọ inú ẹran ajá fúnra rẹ̀. Ọyún ti wà níbẹ̀. Dúdú ni èékánná náà. Mo ki ẹnu púláyà bọ ibi tó ti tẹ̀, lókèèrè sí gbòǹgbò rẹ̀, mo mí, mo tẹ̀ ẹ́. Kẹ́! Bàbá ní kí n fa ẹnu tó wọlé náà jáde ní ìfà ẹ̀ẹ̀kan. Mo fà á. Ọyún àti ẹ̀jẹ̀ tú jáde, Dúrótimí ta kìjí, lẹ́yìn náà ló mí èémí gígùn kan, gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ sí ọwọ́ mi. A fi omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Mo gé gbòǹgbò èékánná náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí mo fi rí ojú kékeré láàárín rẹ̀, mo sì dúró.

Bí a ṣe ń tú táì náà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n padà dé. Bàbá gbé ẹsẹ̀ Dúrótimí lé ọwọ́ ara rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ajá náà kò gbó. Ó ń lá ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí sójà ní kó rìn, ó ṣì ń tiro.

"Ó ṣì ń tiro," sójà wí. Ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sí ìbọn.

"Ẹ bọ́ bàtà yín," Bàbá wí.

Sójà wo bàtà rẹ̀ tó ń dán.

"Kí lẹ sọ?"

"Ẹ bọ́ ọ, ọmọ mi." Bàbá la ọwọ́, ó fi èékánná tó ká kọ́rọ́ yẹn hàn án. Ó ti fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ mọ́. "Ẹ fi èyí sí abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín, ẹ wọ bàtà padà, kí ẹ rìn dé ìdí àgbọn yẹn. Bí ẹ kò bá tiro, ẹ yìnbọn fún ajá náà. Bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ tẹ bàtà yẹn mọ́ yín lẹ́sẹ̀, tí inú kò bí yín, ẹ yìnbọn fún èmi náà."

"Yéè! Ọkọ mi ti pa ara rẹ̀ o," Ìyá wí láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Àgbà wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mo sì rí i pé ẹ̀rín ló ń fi ikọ́ bò mọ́lẹ̀.

Sójà wo Bàbá títí. Mo rò pé yóò gbá a létí. Ó jókòó sórí odó Tíṣà, ó tú okùn bàtà rẹ̀! Ó fi èékánná náà sínú rẹ̀, ó so ó, ó dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń yan bí ẹni wà níwájú gómìnà. Ní ìkẹrin, èjìká rẹ̀ kan lọ sílẹ̀. Kó tó dé ìdí àgbọn, ẹsẹ̀ kan ló fi ń tọ! Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ láyà láti rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó di igi àgbọn mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, a sì bú sí i, àwa tí a kún ọgbà!

Ó bọ́ bàtà náà, ó mú èékánná sí ọwọ́, ó ń wò ó.

"Oṣù mélòó ló ti fi rìn pẹ̀lú nǹkan yìí?"

"Á tó mẹ́rin," Bàbá wí.

Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yíjú sí àwọn wolé-wolé. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èékánná ni. Tíṣà, ẹ lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ọwọ́ yẹn, kí ẹ so ajá yìí kí wọ́n lè máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì." Wọ́n jáde.

Tíṣà jókòó sórí yanrìn. Ẹnu ajá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ tí kò ní egbò gbé ẹsẹ̀ òsì Dúrótimí sókè, kò wo ojú Bàbá.

"Bàbá, ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta."

"Èmi kọ́ lo máa bá sọ ọ́," Bàbá wí, ó ń gbọn yanrìn kúrò lára fìlà rẹ̀. "Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ yẹn."

Gbogbo wọn yíjú sí mi, Ìyá, àwọn aládùúgbò, obìnrin tó pariwo dìgbòlugi. Kò sí ìlẹ̀kùn kankan nítòsí tí mo lè sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo la ẹnu, ohùn kan sì jáde, ó le débi pé èmi náà fẹ́ wo ẹ̀yìn kí n mọ ẹni tó ni ín.

"Ẹ dì í mú dáadáa, Tíṣà. Ẹ má mì o!"